Láàbù Yunifásítì ní Àbújá: Ààbò Ẹni, Àbójútó Ilé

Òṣìṣẹ́ oríṣi méjì ló wà nínú láàbù ìwádìí yunifásítì. Àwọn kan ń fi ilé náà ṣiṣẹ́: ọ̀jọ̀gbọ́n, tẹkinọ́lọ́jíìsì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn kejì ń ṣiṣẹ́ sí ilé náà lára: oníná, oníṣẹ́ omi, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ìyá tó ń gbálẹ̀, ọlọ́dẹ tó ń tilẹ̀kùn lálẹ́. Àwọn àkọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ìgò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí wáyà gbà. Àwọn kejì mọ ibi tí wáyà gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ìgò tí àwòrán orí òkú wà lára rẹ̀, wọ́n á kàn yà fún un ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó ń ṣe kòkáárí ààbò àti àbójútó láàbù ló dúró sáàárín àwọn méjèèjì, kí ohun tí apá kan mọ̀ tí kò sọ má baà di ohun tó pa apá kejì lára.

Olú-ìlú Nàìjíríà kò ṣaláìní irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá Yunifásítì ìlú Àbújá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé Yunifásítì Yakubu Gowon ni yóò máa jẹ́. African University of Science and Technology wà ní Galadimawa; Nile University àti Baze University náà wà nílùú. Ilé ìwádìí ìjọba tún wà láàárín wọn: Sheda Science and Technology Complex ní apá Kwali, NIPRD tó ń ṣèwádìí oògùn ní Idu, láàbù àgbà ti NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn, ní Gaduwa. Àwọn tó ń fi òfin mú wọn kò jìnnà pẹ̀lú. NUC tó ń mójú tó yunifásítì, NESREA tó ń mójú tó àyíká, NNRA tó ń mójú tó ìtànṣán olóró, NBMA tó ń mójú tó ewu tó wà nínú ohun abẹ̀mí tí wọ́n tún ẹ̀dá rẹ̀ dá, Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ gbogbo wọn wà. Bó bá jẹ́ pé bí òfin ṣe súnmọ́ ilé ẹni ló ń dáàbò bo ẹni, láàbù Àbújá ni ìbá láàbò jù ní Nàìjíríà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ láàbù dá lórí iná, omi, ooru àti owó kó tó kan òfin.

Afẹ́fẹ́ ló ṣáájú. Nínú láàbù kẹ́mísírì, àpótí ńlá kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tó ṣeé fà sókè àti sísàlẹ̀. Fume hood ni àwọn oníláàbù ń pè é. Fáànù kan lórí òrùlé ló ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ síta, kí èéfín kẹ́míkà má baà bọ́ sí imú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ yunifásítì lágbàáyé ń lò ni pé kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú rẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá kéré jù, èéfín á máa yọ́ jáde. Bó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa yí po nínú rẹ̀, á sì da èéfín náà padà sójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ yẹ ní wíwò fínnífínní. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi ásíìdì nítíríkì se erùpẹ̀ oko, kó lè mọ iye òjé tó wà nínú rẹ̀. Iná lọ. Fáànù orí òrùlé dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n irin gbígbóná tí wọ́n gbé ìkòkò ásíìdì lé kò ní tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Èéfín pupa rúsúrúsú tó yẹ kó gba òrùlé lọ ń wá sí iyàrá. Jẹnẹrétọ̀ dún ní òdìkejì ọgbà, gílóòbù tàn, fáànù àjà ń yí, amúlétutù ọ́fíìsì ọ̀gá ti ń fẹ́, ṣùgbọ́n fáànù orí òrùlé kò jí, nítorí kò sí lára ohun tí wọ́n so mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó pín wáyà náà kò ṣe ìkà. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé fáànù yẹn ni èémí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba bá sì padà dé, irin gbígbóná náà á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bóyá nígbà tí gbogbo èèyàn ti sá jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìmọ̀ àràmàǹdà. Ẹni tó ń ṣe kòkáárí á jókòó pẹ̀lú oníná àti tẹkinọ́lọ́jíìsì, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ kú, wọ́n á sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì tó: fáànù hood, fíríísà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò, agogo iná, gílóòbù ọ̀nà àbájáde. Àwọn wọ̀nyí ni wáyà jẹnẹrétọ̀ yóò kọ́kọ́ dé, ọ́fíìsì á tẹ̀lé e. Wọ́n á lẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ etí ìsàlẹ̀ gíláàsì hood: bí kò bá fì sínú, iṣẹ́ dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gun òrùlé lọ tún fáànù ṣe, ìwé àṣẹ kan á wà tí oníláàbù àti ará Works, ẹ̀ka àbójútó ilé yunifásítì, yóò jọ fọwọ́ sí, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ti bọ́tìnnì fáànù náà pa, wọ́n á sì gbé àkọlé sójú hood nísàlẹ̀. Àìsí ìwé pélébé yẹn ló ń jẹ́ kí ẹnì kan máa se ásíìdì nísàlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ki orí bọ ẹnu páìpù èéfín lókè.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán ní Àbújá máa ń kọjá 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ether, tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń yọ òróró lára ewé àti èso, máa ń hó ní 34.6. Nínú yàrá tí amúlétutù rẹ̀ ti kú, ether lè hó nínú ìgò rẹ̀ láìsí ẹni tó gbé e kaná. Oru tó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, ó sì lè rìn jìnnà dé ibi tí iná wà kó tó gbiná, kí iná náà sì gba ọ̀nà kan náà padà wá bá ìgò. Nítorí náà, kò yẹ kí ìwé ìbéèrè fún àtúnṣe amúlétutù ilé kẹ́míkà wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ti ọ́fíìsì. Ìtura ni ti ọ́fíìsì. Ìdènà iná ni ti ilé kẹ́míkà. Bí ará Works kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, bí ọ̀gá ṣe tó ni yóò fi tò wọ́n, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìtò bẹ́ẹ̀ sì rọrùn láti mọ̀.

Fíríìjì ilé, irú èyí tí wọ́n ń kó omi inú ọ̀rá sí, kì í ṣe ibi ààbò fún ether. Bọ́tìnnì tó ń tan gílóòbù inú rẹ̀ àti èyí tó ń díwọ̀n òtútù lè ta iná pín-ín, oru tó ti kún inú rẹ̀ á sì bú gbàù. Àwọn fíríìjì kan wà tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, tí ohun kankan kì í ta iná nínú wọn. Wọ́n wọ́n gan-an ni. Láàbù tí kò bá ní in sàn kó ra ether díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe béèrè ju kó ra á pamọ́ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń to ìgò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. A, B, D ló rọrùn jù fún akọ̀wé ilé ìkóhunsí, ó sì wà lára ìtò tó burú jù. Lẹ́tà A nìkan á kó acetone tó ń gbiná kíákíá, acetic acid, àti ammonium nitrate tó ń ran iná lọ́wọ́ jọ sórí pákó kan ṣoṣo. Ohun tó ń gbiná gbọ́dọ̀ dá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Ásíìdì nítíríkì kò gbọ́dọ̀ bá a gbé. Ohun tó kórìíra omi, bíi sodium, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ páìpù. Láti mọ èyí tó kẹ́yìn yìí, ó di dandan kí ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ omi pé ibo ni páìpù gbà. Pákó náà ní láti ní etí tí ìgò kò fi ní yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan lè ní kí ló fa ìyẹn ní ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í mì, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape àti Maitama títí àwọn èèyàn fi sá jáde nílé.

Ibi tí omi ti ń dun àwọn láàbù kò hàn sí ojú lásán. Gbogbo láàbù kẹ́mísírì ló yẹ kó ní ẹ̀rọ ìfọjú àti ṣáwà pàjáwìrì. Ìlànà ANSI Z358.1 ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, ní kí ẹni tí kẹ́míkà bọ́ sí lójú lè dé ìdí ẹ̀rọ náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kí omi máa dà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí omi náà má sì tutù ju 16 tàbí gbóná ju 38 lọ lórí Celsius. Ṣáwà gbọ́dọ̀ máa tú nǹkan bí lítà 75 jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ á rí i pé èèyàn kan ṣoṣo tí ásíìdì dà sí lára nílò omi tó lé ní 1,100 lítà. Tánkì tó ń gba 1,000 lítà pọ̀ lórí òrùlé ní Nàìjíríà. Omi inú rẹ̀ á tán kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, ká tilẹ̀ ní kò sẹ́ni tó ti fi í fọ ìgò láti àárọ̀.

Tánkì dúdú tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Omi inú páìpù tó gba orí páànù kọjá lè gbóná débi pé ojú tí kẹ́míkà ti bó kò ní lè gbà á. Wọ́n ní láti bo tánkì náà tàbí kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji, kí wọ́n sì ri páìpù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewu mìíràn tún wà tó jẹ́ ti àìgbọ́ra-ẹni-yé pátápátá: oníṣẹ́ omi ti ẹnu páìpù àgbà pa láti tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè kejì ṣe, kò sì mọ̀ pé òun ti pa ẹ̀rọ ìfọjú láàbù ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Páìpù ìfọjú yẹ kó dá dúró. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣí i títí omi ìpẹtà á fi dà tán, kó sì fọwọ́ sí káàdì tó so mọ́ ọn. Ojú tó ń ta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi omi ìpẹtà fọ̀.

Ti gáàsì kò gùn. Agbára tó wà nínú sílíńdà tó kún máa ń tó 150 bar tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti táyà ọkọ̀ kì í ju bíi 2 lọ. Bó bá ṣubú tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́, ògiri kò ní lè dá a dúró. Ṣéènì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ ògiri, dídúró ni wọ́n ń gbé e sí, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Ẹni tó ń yí i lórí sìmẹ́ǹtì bí ìlù ń ṣe ohun tó léwu. Nitrogen olómi kò ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn, lítà kan rẹ̀ sì ń di nǹkan bí 700 lítà gáàsì. Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí amúlétutù, ó lè lé afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí jáde láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ìpinnu láti dí fèrèsé kan, tí ará Works kà sí iṣẹ́ káfíńtà lásán, kan ẹni tó ń kó nitrogen síbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ti kòkòrò àrùn, Nàìjíríà ní ìtàn tí gbogbo ayé fi kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kínní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Laura Wine ṣàìsàn nílé ìwòsàn ìhìnrere tó wà ní Lassa, ní ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Borno lónìí. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, òun náà kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, tún kó o. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè é. Ẹ̀jẹ̀ wọn dé Yunifásítì Yale, níbi tí Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n sọ ní Lassa. Casals fúnra rẹ̀ kó o ní oṣù Kẹfà ọdún náà, omi ara tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Juan Roman, tẹkinọ́lọ́jíìsì kan ní Yale, kó àrùn náà, ó sì kú.

Roman kò sí lára àwọn tó ń fi fáírọ́ọ̀sì Lassa ṣiṣẹ́, wọn kò sì mọ ọ̀nà tó gbà dé ara rẹ̀ títí dòní. Yale dá iṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì náà dúró, wọ́n sì kó o lọ sọ́dọ̀ CDC, àjọ ìdènà àrùn Amẹ́ríkà, ní Atlanta, níbi tí yàrá tó dí pinpin wà. Kì í ṣe ìmọ̀ Casals ló kù díẹ̀ káàtó. Ilé tí wọ́n fún un ni kò tó iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ìpín láàbù sí ipele mẹ́rin ti ń gbilẹ̀, bí kòkòrò bá sì ṣe léwu tó ni ilé rẹ̀ ṣe ń le sí i: ilẹ̀kùn méjì tí kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé tí kì í gba ibẹ̀ jáde, asẹ́ tó ń gba kòkòrò dúró. Gbogbo ìwọ̀nyí, iṣẹ́ oníná, káfíńtà àti alámúlétutù ni. Ọdọọdún ni ibà Lassa ṣì ń jà ní Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ fún àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé ní Gaduwa tàbí ní ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo.

Ohun kékeré kan ń bẹ tí kì í sí nínú ìwé ìtọ́ni àwọn alámúlétutù. Kábíńẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kòkòrò máa ń fi afẹ́fẹ́ tó ń sàn sísàlẹ̀ ṣe aṣọ ìkélé láàárín kòkòrò àti òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá kan amúlétutù sí ògiri tó kọjú sí i, tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ooru mú bá gbé fáànù onídùúró síwájú rẹ̀, ìkélé náà ya. Ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yẹ kábíńẹ́ẹ̀tì náà wò lọ́dún yìí kò ní ràn án lọ́wọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, fáànù yẹn kò sí níbẹ̀.

Ìtànṣán olóró ní òfin tó dúró ṣinṣin jù. Òfin tó dá NNRA sílẹ̀ ti wà láti 1995, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Yunifásítì tó bá fẹ́ ní ohun tó ń tan ìtànṣán gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kó sì máa ka iye rẹ̀ déédéé. Ilé ìtànṣán gamma wà ní Sheda, cobalt-60 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré tí wọ́n ń pè ní NIRR-1 ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004. Ní 2018, wọ́n yí epo uranium rẹ̀ padà sí èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù, wọ́n sì dá ti tẹ́lẹ̀ padà sí Ṣáínà. Bí ìjọba bá fẹ́, ó lè ṣọ́ láàbù dáadáa. Èyí tó ṣòro ni kí irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ dé orí ìgò acetone.

Ta ni yóò wá máa ṣe é? Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìgbìmọ̀ ààbò wà lórí bébà, alága rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ìpàdé rẹ̀ sì ń wáyé lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ọ̀ràn Sheri Sangji fi ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń jò hàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 yìí ń fi abẹ́rẹ́ fa kẹ́míkà kan tó ń gbiná bó bá kan afẹ́fẹ́ ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ọ̀pá inú abẹ́rẹ́ náà yọ. Kò wọ kóòtù láàbù. Súwẹ́tà rẹ̀ gbiná. Ó kú ní oṣù Kínní 2009. Ní oṣù Kẹwàá tó ṣáájú, àwọn ayẹ̀wò ààbò yunifásítì náà ti wọ láàbù yẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan kì í wọ kóòtù níbẹ̀. Ìwé náà wà. Àtúnṣe kò tíì wáyé.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kínní 2010, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Texas Tech fara pa yánnayànna nígbà tí kẹ́míkà tó ń lọ̀ bú gbàù. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kan tó bá Àbújá mu wẹ́kú: kí ẹni tó ń yẹ láàbù wò máa jíhìn tààrà fún ẹni tó ní àṣẹ láti mú àtúnṣe ṣẹ. Ní Nàìjíríà, Works àti àwọn ọlọ́dẹ sábà máa ń wà lábẹ́ ìṣàkóso, láàbù wà lábẹ́ olórí ẹ̀ka àti díìnì. Ẹni tó ń ṣe kòkáárí tí kò bá lè dé ọ́fíìsì igbákejì alákòóso yunifásítì, tí kò sì lè ti láàbù pa fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé, akọ̀wé ìpàdé lásán ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fara pa pẹ̀lú wà níbẹ̀. Fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe òfin owó gbà-má-bínú ọdún 2010, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú láàbù.

Ọlọ́dẹ àti panápaná náà kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ ibùgbé òṣìṣẹ́ Yunifásítì ìlú Àbújá ní Giri, wọ́n sì jí èèyàn gbé. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí wọn gbà padà. Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá ọ̀gá ọlọ́dẹ wí pé ó ń fi irin dí fèrèsé, tó sì ń fi ṣéènì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀nà àbájáde bí iná bá sọ níwájú. Ilẹ̀kùn tí ara lásán lè tì ṣí láti inú, tí kò sì ṣeé ṣí láti ìta, ló lè parí ìjà yìí. Owó rẹ̀ yẹ kó wà nínú ìṣirò kí wọ́n tó ra ṣéènì. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá ṣiṣẹ́ nínú láàbù lóru. Kí ìwé tó ka gbogbo kẹ́míkà ilé náà wà ní ẹnu géètì, nítorí panápaná tí wọ́n fi 112 pè kò mọ̀ pé sodium wà lókè, omi ni yóò sì kọ́kọ́ dà sí i.

Kò sí ohun tó ń dán kòkáárí wò bí ìdáṣẹ́sílẹ̀. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà nílé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yòókù sì dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan náà. Kẹ́míkà kì í dáṣẹ́ sílẹ̀. Ether tí wọ́n ti ṣí máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣe, á sì di nǹkan mìíràn tó ń dì bí iyọ̀ sẹ́nu ìgò; ẹni tó bá fọwọ́ lọ́ ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ lè pàdánù ọwọ́ náà. Òróró tí wọ́n fi bo sodium ń gbẹ. Fíríísà tó wà ní -80 kò lè fara da ọjọ́ púpọ̀ láìsí iná, eku inú àgò ìwádìí sì ń fẹ́ oúnjẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 tí ìjọba sé Àbújá, Èkó àti Ògùn mọ́lé nítorí Kòrónà, àǹfààní kan tilẹ̀ wà: ó ní àyè fún àwọn tí iṣẹ́ wọn pọn dandan. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ kì í fún ni níyẹn. Kó tó dé ni àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ ti jọ kọ orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ní dá dúró ní géètì, àti orúkọ ẹni tí yóò bu dísù fún wọn. Láàbù tó bá sì tún ṣí gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wọlé, ilé kẹ́míkà ni kí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Nípa ìdọ̀tí, ọdún 1988 ni Nàìjíríà la ojú. Wọ́n rí i ní Koko, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta báyìí, pé àwọn oníṣòwò ti kó ìdọ̀tí olóró wá láti Ítálì, wọ́n sì dà á sínú àgbàlá ẹnì kan. Òfin tó tẹ̀ lé e lọ́dún náà ló bí èyí tó dá NESREA sílẹ̀ ní 2007. Ìdọ̀tí láàbù kéré sí ti Koko, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ń kóni láyà sókè. Àtàn ńlá Àbújá wà ní Gosa, àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí àtàn kò sì ní ìbọ̀wọ́. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ onílítà 2.5 tí kẹ́míkà bá wá tún lágbára, ìdérí rẹ̀ dára, ó sì wu ẹni tó ń ta òróró tàbí zobo. Ìyá tó ń gbálẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, kò rí ìdí tí kò fi ní tà á. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹni tó yẹ kí wọ́n pè sí ìpàdé ààbò. Ó yẹ kó jókòó síwájú níbẹ̀. Kí wọ́n fọ ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n da omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ìdọ̀tí, kí wọ́n ya bébà ara rẹ̀, kí wọ́n sì fọ́ ọ kó tó kúrò nílé.

Owó ni ẹnu-ọ̀nà gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù lójúmọ́, fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún wákàtí kílówáàtì kan. Fíríísà -80 àtijọ́ kan lè jẹ tó 20 lójúmọ́. Ní iye tí wọ́n kéde yẹn, ó di náírà 4,500 lójoojúmọ́ fún fíríísà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbé e sí -70, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní bàjẹ́, iná tó ń jẹ á sì dín kù púpọ̀. Ètò iná oòrùn tí ìjọba ń ṣe fún àwọn yunifásítì àpapọ̀, tó ti tàn ní Yunifásítì Bayero ní Kano láti 2019, ní ti Àbújá nínú ìpele kejì rẹ̀. Owó TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá wá pẹ̀lú, àmọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe kòkáárí béèrè àwọn ìbéèrè tí kò wu ẹnikẹ́ni: ṣé ilẹ̀ òkè kejì lè gbé e, ṣé ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, iná wo ni yóò lò, ta ni yóò tún un ṣe lẹ́yìn tí ìwé ìdánilójú rẹ̀ bá tán?

Ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ yìí ń parí lórí láàbù kan, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ìgò tí kò ní bébà lára mọ́, àpótí tí òun nìkan mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, sílíńdà tí ilé iṣẹ́ tó ni ín ti kógbá sílé, gbogbo rẹ̀ á di ogún ẹni tí kò béèrè fún un. Kí ó tó gba ìwé ìdágbére rẹ̀, kí òun, tẹkinọ́lọ́jíìsì àti ará Works jọ ka ohun tó wà nínú yàrá náà láti pákó òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ sára gbogbo ìgò nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ láti sọ ọ́, kí wọ́n kó èyí tí kò wúlò jáde, kí NNRA gba tirẹ̀ bó bá ní ìtànṣán, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí ìwé kan náà.